Iṣan Ìyá Ṣówándé

Alántakùn, ẹ̀rọ tí ń rán iṣan, ti rán ẹnu iṣan náà mọ́ òkè itan tán, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ irin rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ orúnkún, nígbà tí Ṣówándé tún dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó ti dé ibi tó le?"

"Kò síbi tó le níbẹ̀," ni Láníhùn wí. "Dákẹ́, kí ẹ̀rọ ríṣẹ́ ṣe."

"Ẹ̀rọ ò kúkú létí."

"Èmi létí."

Ṣówándé rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ri páìpù omi mọ́ àárín àpáta ní Òkè-Ìsun. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, kò sì mọ̀ pé òun ní ohunkóhun nísàlẹ̀ ìbàdí mọ́. Wọ́n ta aṣọ àwọ̀ ewé sí àárín ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí ẹsẹ̀ òsì náà ti tutù, tí ọmọ ìka rẹ̀ ń dúdú. Etí òkun ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, omi kànga tí òkun ti wọ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ. Iyọ̀ náà ti bá a dàgbà. Iṣan àlọ tó yẹ kó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le láti itan dé orúnkún, ó sì ti dí bí páìpù àtijọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Kí wá ni iṣẹ́ tiyín gan-an? Ẹ̀rọ ló gé mi, ẹ̀rọ ló ń rán mi. Ẹ̀yin kàn jókòó."

"Mo so òwú."

"Òwú wo?"

"Òwú funfun kan, sí etí iṣan. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti rí òwú ni yóò rán mọ́ òkè."

"Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó báyìí ò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀?"

"Á mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Òfin ni kò fẹ́. Òfin ní ọwọ́ èèyàn ni kó so òwú, kí èèyàn sì fọwọ́ sí i."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé ẹ̀rọ ò ṣeé pè lẹ́jọ́."

Ṣówándé rẹ́rìn-ín títí aṣọ tí wọ́n ta síwájú rẹ̀ fi ń mì. Láníhùn kò rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ara rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ẹ̀yìn ń dùn ún.

"Ṣé iṣan lórí, kó tún nídìí ni?"

"Ti ìyá rẹ yìí ní. Iṣan àbọ̀ ni. Òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀ padà sí ọkàn. Òkè ló ń gùn, ọkàn kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò tì í. Ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kùn fi wà nínú rẹ̀, wẹ́wẹ́, méjì méjì, bí ètè. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá, wọ́n á pa dé, kó má baà ṣubú padà."

"Iṣan àlọ ńkọ́?"

"Kò nílò ìlẹ̀kùn. Ọkàn ló ń tì í. Ara rẹ̀ nípọn, ó máa ń fẹ̀, ó máa ń sún kì. Tìrẹ ni kò lè sún mọ́."

"Ẹ wá fẹ́ fi àbọ̀ ṣe àlọ."

"A dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìdí rẹ̀ á wà lókè, orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kùn á wá máa ṣí sí ọ̀nà ẹsẹ̀."



"Ìyá mi ní ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́ láti òwúrọ̀."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà wà lóde yàrá, lórí bẹ́ǹṣì. Oṣù tó kọjá ló pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ní láti yọ iṣan gígùn ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún ìlú, àyàfi tó bá ní ọmọ tí ó nílò rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́ ni àwọn ọmọdé ń pe irú wọn ládùúgbò, wọ́n a sì dìde fún wọn nínú ọkọ̀. Aago méje òwúrọ̀ ni wọ́n ti yọ ti ìyá Ṣówándé. Iṣan tó dára ni, ó rọ̀, kò ní àpá. Ohun kan ṣoṣo tó ya Láníhùn lẹ́nu lára rẹ̀ ni pé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ní apá ọrùn ẹsẹ̀, ojú lásán á sì mọ ìdí yàtọ̀ sí orí. Ti obìnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Láníhùn kò dúró rò ó. Ó so òwú sí etí tó wà lókè lórí ìkọ́, bí ó ṣe ń so ó láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó fọwọ́ síwèé, ó jókòó.

Omi dún lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ẹ̀yítáyọ̀, obìnrin tí ń fọ iṣan, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí iṣan ẹlòmíràn tí wọ́n fẹ́ lò lọ́sàn-án. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Ogún ọdún ló fi fọ iṣan ní ilé ìwòsàn kan létíkun Ìlàjẹ, kí omi tó gbé ilé ìwòsàn náà lọ. Ó mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá.

Láníhùn yíjú sí i nítorí kó lè na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí i tí ó fi iṣan náà kọ́ ìkọ́ òkè, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Síríńjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ẹnu síríńjì bọ iṣan náà láti ìsàlẹ̀, ó sì ń fọn omi sókè.

Láníhùn ń wò ó.

Ní Òkè-Ìsun, láti òkè ni wọ́n ti ń da omi sínú iṣan. Ìdí iṣan ni wọ́n ń fi kọ́ ìkọ́, omi a sì gba inú rẹ̀ ṣàn sílẹ̀, a ṣí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síwèé rí. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé náà ló ń bá a bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀yítáyọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀. "Èwo lẹ máa ń fi kọ́ òkè?"

"Orí ni o, Bàbá. Bó ṣe wà lára èèyàn tó bá dúró." Obìnrin náà kò gbójú sókè. "A á wá fọn omi sí i láti ìdí. Ṣé ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀ níbí ni?"

"Ti àárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

Láníhùn yíjú padà sí Alántakùn. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àgbébọ̀ adìẹ lọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí rán ẹnu ìsàlẹ̀ mọ́ abẹ́ orúnkún. Lára ògiri, iná pupa kékeré ń ka ojú abẹ́rẹ́ bó ti ń rán wọn. Mẹ́rìnlélógún ni gbogbo rẹ̀. Ó ti rán mẹ́fà.

Òwú funfun náà wà lókè itan, níbi tí Láníhùn so ó sí. Orí iṣan ló so ó mọ́. Gbogbo ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ló kọjú sókè, bí wọ́n ti wà nínú ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà, ẹ̀jẹ̀ sì fẹ́ wá láti òkè.

Ojú abẹ́rẹ́ keje.

Okùn pupa kan rọ̀ lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ẹni tó so òwú nìkan ló láṣẹ láti fà á. Tó bá fà á, Alántakùn á dúró, kò sì ní padà sórí ẹni náà mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin gbà fún ènìyàn láti fa okùn náà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni yóò mú un kúrò nídìí iṣẹ́. Láníhùn ti fà á lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, iná mànàmáná ń ṣe ségesège, ó sì gba ẹ̀mí ọmọdébìnrin kan là. Èkejì, ojú rẹ̀ ló tàn án.

Ojú abẹ́rẹ́ kẹjọ.

Ìdílé ẹni tí ń so òwú ló wà nínú ìwé kúkúrú, ìwé àwọn tí iṣan ìlú tètè máa ń kàn. Àwọn yòókù nílùú wà nínú ìwé gígùn. Dúrótọlá, ìyàwó rẹ̀, ló ṣe ìkejì nínú ìwé kúkúrú. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dákẹ́ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ̀rọ inú ilé ni ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti ba iṣan apá rẹ̀ jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á le, wọ́n á dí, wọ́n á sì rì. Ó nílò iṣan gígùn kan tí wọn yóò rán mọ́ ọn lápá, tí abẹ́rẹ́ yóò máa wọ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní yóò kàn án.

Ojú abẹ́rẹ́ kẹsàn-án.

Tí kò bá sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Èyí ló le jù. Alántakùn á rán tán, á tú ẹ̀mú tó dá ẹ̀jẹ̀ dúró kúrò, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní kọjá. Ẹ̀rọ kò ní bèèrè ìdí. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ méjì síwèé: *Ara kọ̀*. Wọ́n á dí ojú ọgbẹ́ náà, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ara àwọn kan máa ń kọ̀ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó ń tú òkú iṣan wò.

"Bàbá," ni Ṣówándé tún ké láti ẹ̀yìn aṣọ, "ṣé mo lè bá ìyàwó mi jó lọ́dún?"



Ojú abẹ́rẹ́ kẹwàá. Ìkọkànlá. Ìkejìlá.

Ó ń wo òwú funfun náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀, kókó méjì, bó ṣe máa ń ta á. Kò sí ẹlòmíràn nílé náà tó ń ta á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí iná kọ mẹ́tàlá, ó na ọwọ́, ó sì fa okùn.

Alántakùn dúró. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Agogo dún lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Ṣówándé wí. "Ṣé ẹ ti parí ni?"

"Rárá. Mo ti ṣe àṣìṣe kan. Mo fẹ́ tún un ṣe."

"Ẹ̀yin, àbí ẹ̀rọ?"

"Èmi."

Fẹ́hìntọlá ni ọ̀gá ilé náà, obìnrin tó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Eré ló sá wọlé, ó ṣì ń so ìbòmú rẹ̀ mọ́ etí. Ó wo okùn, ó wo Láníhùn.

"Bàbá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rè é."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ lóòótọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ wá wo iṣan yìí ná."

Láníhùn fi sísọ́ọ̀sì tú ojú abẹ́rẹ́ mẹ́tàlá tó wà nísàlẹ̀. Ẹnu iṣan náà la sílẹ̀. Ó wá dẹ ẹ̀mú òkè fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ já wọ inú iṣan, ó rìn tó ìka mẹ́ta, ó dúró. Ibi tó dúró sí wú bí kókó igi. Ní ìsàlẹ̀, etí iṣan tó la sílẹ̀ gbẹ. Ẹ̀kán kan kò jáde.

Láníhùn tún pa ẹ̀mú náà dé.

Ìyá Ẹ̀yítáyọ̀ ti sún mọ́ wọn. Ó rí kókó náà, ó rí òwú, ó sì wo ìkọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọwọ́ mi ni," ni ó wí. "Yéè. Ọwọ́ mi ló ti wá."

Fẹ́hìntọlá fa Láníhùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Òun ló kọ́ iṣan ní òdì. Tí ẹ bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, okùn tí ẹ fà kò ní wà lọ́rùn yín. Mo lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Kò kọ́ ọ ní òdì. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn ló kọ́ ọ."

"Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbí. Kí ló máa pàdánù?"

"Wọ́n á dá a padà sí àgọ́ etíkun."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

Láníhùn wo ìlẹ̀.

"Èmi ni mo so òwú," ni ó wí. "Mi ò bi í léèrè. Ó yẹ kí n bi í léèrè lọ́jọ́ tó dé. Ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ ọwọ́."

"Ta ló máa rán an? Mi ò fọwọ́ rán iṣan rí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ rán an nínú ilé yìí rí."

"Kó tó di pé wọ́n ra ẹ̀rọ, kí lẹ rò pé a fi ń rán an?"

Wọ́n rí abẹ́rẹ́ náà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó ṣì wà nínú bébà rẹ̀. Láníhùn wọ jígí ojú méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ó gé etí iṣan lókè, ó gé e nísàlẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ ti gún kò ṣeé lò mọ́. Ìka kan lọ lókè, ìka kan lọ nísàlẹ̀. Iṣan náà ti kúrú. Ó dojú rẹ̀ kọ ibi tó yẹ. Ó na án lé ẹsẹ̀ náà, ó wọ̀n ọ́n. Kò dé ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ rán an mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Kò tó," ni Fẹ́hìntọlá wí.

"Á tó tí a bá gbé ìsàlẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún rẹ̀ fún mi. Díẹ̀. Ó tó."

"Ẹsẹ̀ yẹn máa nà báyìí?"

"Kò ní nà tán. Á máa tiro díẹ̀."

"Mo gbọ́ o," ni Ṣówándé wí láti ẹ̀yìn aṣọ. Ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀. "Ẹ̀ ń pè mí ní atiro lójú ara mi."

"Ṣé kí n gé e ni?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ jẹ́ n máa tiro."

Láníhùn bẹ̀rẹ̀. Ìka rẹ̀ kò gbàgbé. Ojú rẹ̀ ni kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara iṣan àlọ kò gba abẹ́rẹ́ dáadáa, ó le, iyọ̀ inú rẹ̀ ń dún ṣéréṣéré mọ́ irin. Iṣan ìyá Ṣówándé ní tirẹ̀ rọ̀ bí awọ inú ẹyin. Ó ní láti mú méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan ya èkejì. Ìpele mẹ́ta ni ara iṣan: ti inú tí ń dán kí ẹ̀jẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ti àárín tí ó lágbára, ti òde tó dì wọ́n mú. Tí abẹ́rẹ́ bá fo ti inú, ẹ̀jẹ̀ á sá wọ àárín wọn, á sì dí i láti inú. Nítorí náà, láti inú ni ó ti ń gún bọ̀ sóde, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ẹ̀yítáyọ̀ ló ń nu ojú ọgbẹ́ fún un, kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ bo ibi tó ń wò. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Alántakùn fi ń rán ẹnu kan. Láníhùn lo wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí òkè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí méjì lórí ìsàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ló dúró, ó di ọwọ́ mọ́ ìbàdí, ó sì pa ojú dé. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó ṣe wàràwàrà.

Nígbà tó tú ẹ̀mú, iṣan náà kún láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò wú níbì kankan. Láníhùn bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó fi ìka méjì lé ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀ Ṣówándé, ní ibi tí egungun ìka àtàǹpàkò ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó pẹ́ kó tó gbọ́ ọ. Ohun kékeré kan ń lù lábẹ́ ìka rẹ̀, ó ń lọ, ó ń dé.

"Ẹ fọwọ́ kàn án," ni ó wí fún Fẹ́hìntọlá.

Fẹ́hìntọlá fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ pọ́n lókè ìbòmú.

Nínú ọ́fíìsì, Fẹ́hìntọlá gbé ìwé ẹni tó fa okùn síwájú Láníhùn. Kò gùn púpọ̀. Orúkọ, ọjọ́, iye ìgbà tó ti fa okùn. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ní ọwọ́ ta ni àṣìṣe ti wá. Láníhùn kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

"Mo máa kọ lẹ́tà sí wọn," ni Fẹ́hìntọlá wí. "Nípa ti ìyàwó yín."

"Ẹ ṣeun."

"Mi ò lè ṣèlérí kankan o, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé ìdí iṣan ni kí wọ́n máa fi kọ́ òkè. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Ìyá Ṣówándé ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí Láníhùn jáde. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fọwọ́ rán an."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ẹ mú gbogbo rẹ̀?"

"A gé díẹ̀ dànù. Ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" Arúgbó náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo ti fi rin àádọ́rin ọdún. Kó lọ máa rìn níbòmíràn."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Láníhùn délé. Dúrótọlá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ti ká apá aṣọ sókè dè é, nítorí ọjọ́ ìfọ̀ ni.

"Bàbá Bándélé, ẹ tètè dé lónìí."

"Mi ò ní padà lọ mọ́."

Ó jókòó sórí àpótí tó wà níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Dúrótọlá gbọ́ ọ tán.

"Ipò wo ni mo wà báyìí?"

"Wọ́n ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá."

"Ìkejì ni mo wà láàárọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá Bándélé, ẹ ò rò tèmi?"

"Tìrẹ ni mo kọ́kọ́ rò. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tètè fà á. Ẹ̀rọ rán ojú abẹ́rẹ́ méje nígbà tí mò ń rò ó."

Dúrótọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Méje," ni ó wí. "Mo tó méje lójú yín."

"O ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ má sọ nǹkan kan mọ́. Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kó bí mi." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó ti gbóná."

"Ó dáa." Ó na apá òsì sí i. "Ẹ wá ṣe é. Àsìkò ti kọjá."

Láníhùn wẹ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi òwú tútù nu apá náà. Iṣan inú ìgbọ̀nwọ́, èyí tí wọ́n lò lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ti le bí okùn lábẹ́ ìka rẹ̀. Nǹkan kan kò lù nínú rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ó so rọ́bà mọ́ òkè apá, ó ní kí ìyàwó òun di ẹ̀ṣẹ́, ó sì ń fi ìka wá a láti òkè bọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró. Ó rí ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ìta apá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń sá fún ìka. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà sá, ó sì gún un. Ẹ̀jẹ̀ yọ sínú rọ́bà. Dúrótọlá mí jáde.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Lẹ́yìn ti ọjọ́ náà, iṣan méjì ló kù lára Dúrótọlá tí abẹ́rẹ́ ṣì lè wọ̀: ọ̀kan lẹ́yìn ọwọ́ òsì, ọ̀kan ní ọrùn ẹsẹ̀.